Láti Àgbẹ̀dẹ Ṣakí Dé Inú Ẹ́ńjìnì Bàálù

Akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe ẹnjinníà, ṣùgbọ́n poli tí mo lọ kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ irin.

Ẹ mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ Ṣakí. Á mú sípíríǹgì mọ́tò tó ti kú, á finná sí i títí á fi pọ́n, á fi ọmọ owú lù ú di àdá, á wá ti ẹnu rẹ̀ bọ omi. Ó le nìyẹn. Bó bá le jù, á máa kán bí àwo, ìdí nìyẹn tó fi tún ń yá a níná díẹ̀.

Àgbá pẹlẹbẹ tó ń yí fìrìfìrì nínú ẹ́ńjìnì bàálù, rírọ ni wọ́n ń rọ òun náà, àfi pé ẹ̀rọ ńlá ló ń tẹ̀ ẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ìyàtọ̀: bí ẹ bá tì í bọ omi nígbà tó pọ́n, rírọ̀ ló máa rọ̀! Èyí tí wọ́n ń pè ní Inconel 718, wọ́n á tún gbé e sínú iná bí 720°C fún wákàtí 8, wọn á wá dín in kù sí bí 620°C, títí gbogbo rẹ̀ á fi tó wákàtí 18. Nígbà náà ni èérún kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí máa ń hù nínú rẹ̀. Àwọn ló ń fún un lágbára.

Waspaloy, ẹ̀yà kejì, kò lágbára tó 718 níbi tí ooru ò ti pọ̀ jù. Bí ooru bá kọjá 650°C, èérún inú 718 á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Waspaloy á ṣì dúró. Àmọ́ ó ṣòro rọ. Bó bá tutù díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, á là.

Ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Bí hóró inú irin bá kúnná bí èlùbọ́, kì í tètè sán bí ẹrù bá ń wá tó ń lọ. Bó bá rí gbàràgàdà bí gààrí, ó sàn níbi tí ooru ti ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ní Chicago, irú àgbá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi 718 ṣe fọ́ nínú ẹ́ńjìnì Boeing 767 bó ṣe ń sáré láti gbéra. Iná sọ. Èèyàn 170 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn jáde láàyè. Àbùkù tó ti fara pa mọ́ sínú irin náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ló fà á.

Mo gbọ́ pé géètì lẹ fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ kùn lọ́dún yìí. Èmi ní kí a ra maikirosíkóòpù fún wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Kí alágbẹ̀dẹ rọ àdá méjì, kó ti ọ̀kan bọ omi, kó jẹ́ kí èkejì tutù fúnra rẹ̀. Kí àwọn ọmọ gé wọn, kí wọ́n dán wọn, kí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ pa á lójú, kí wọ́n sì wo inú irin. Mo ti bá bàbá kan sọ̀rọ̀ ní Ṣakí. Owó ọkọ̀ dé Ìṣẹ́yìn nìkan ni wọ́n ní àwọn máa gbà.