Ìmọ̀ Àtúnṣe Ọkọ̀ fún Ẹni tí Kì í Ṣe Mẹkáníìkì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bá yín lónìí kan ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó kan ẹni tí ń wa ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó sì kan ẹni tí ó jẹ́ èrò ọkọ̀ lásán. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ láàárín igbó ní òru, tí aláboyún tí ń rọbí sì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa bèèrè pé ta ni ó ni ọkọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn yóò máa bèèrè ni pé ta ni ó mọ ohun tí ó ṣe é.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, tí ó sì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, nìkan ni àtúnṣe ọkọ̀ tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan dá wọn lóhùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìyáàfin Bertha Benz ní ilẹ̀ Jámánì gbéra láti ìlú Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 100, nínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ni ó bá a lọ. Ìtàn sọ pé nígbà tí ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ ìdè-fìlà rẹ̀ ni ó fi là á. Nígbà tí wáyà iná kan bó, okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni ó fi wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi bíréèkì jẹ, aránbàtà ni ó bẹ̀ kí ó fi awọ bò ó. Ẹ kíyè sí i: ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó ṣe é, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́, ó gbé e fún oníṣẹ́. Ọgbọ́n tí a ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wíwò ni ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí. Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ wà ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ẹ́ńjìnì kò tíì ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn epo ẹ́ńjìnì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ sì tún yọ ọ́. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí epo wà. Bí ó bá dín, ẹ bù kún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá àmì òkè. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo omi rédíétọ̀. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rẹ̀ láé nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná. Omi tí a sé mọ́nú ibẹ̀ gbóná ju omi orí iná lọ. Bí ẹ bá ṣí i, yóò tú jáde sí yín lójú. Ẹ ní sùúrù títí yóò fi tutù.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀; kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Lára táyà tí a ṣe láti ọdún 2000 wá, nọ́ńbà mẹ́rin kan ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀yin tí ń ra táyà tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà yìí kí ẹ tó sanwó, nítorí rọ́bà a máa gbó bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀.

Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, ẹ wa ọkọ̀ kúrò lójú títì sí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta di àwọn táyà tí ẹ kò ní yọ. Ẹ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Jáàkì nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ de nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ sì bọ́ sí èyí tí ó kọjú sí i, kí táyà lè jókòó dáadáa.

Bí ẹ́ńjìnì bá kọ̀ láti dún, tí iná iwájú sì ń ṣe bàìbàì, ẹ wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lè ti bò ó. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ tí ó ní àmì àyọkúrò, kí ẹ tó tú ti àròpọ̀. Ẹ nu méjèèjì mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ti àròpọ̀ ni kí ó ṣáájú. Ẹ má ṣe mu sìgá níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń ti inú bátìrì jáde lè gbiná.

Nísinsìnyí, ibi tí a ó ti dúró. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá ń rì, tàbí tí ìdarí ọkọ̀ kò bá gbọ́ràn mọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín tún un ṣe, ẹ má sì ṣe fi ọkọ̀ náà kó èrò. Ẹ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Bí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo epo bá tàn lójú ìrìn, ẹ dúró, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ìrìn díẹ̀ sí i lè sọ ọkọ̀ odidi di irin àlòkù.

Ìmọ̀ yìí kò gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ẹni tí ó mọ orúkọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀ tí yóò yé méjèèjì, owó ìṣẹ́ kò sì ní dìjà. Ẹ dúró tì í nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa bèèrè, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé ìtọ́ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lè kà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ìlú wa. Ohun tí a kà nílé ìkàwé yóò tipa bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ẹ̀mí lójú títì.