Ooru àti Ìjì Tó Ń Bọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ìpàdé Sọ

  Ooru yìí ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ, òun àti ìjì tó máa ń tẹ̀lé e.

Ìgbìmọ̀ ní kí n wo ohun tí àwọn tó ń yẹ ojú ọjọ́ wò ń sọ, kí n wá tú u palẹ̀ ní èdè ọjà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Àkùngbá bá mi túmọ̀ ibi tó le. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń jẹ́ NiMet. Ọdún 2003 ni òfin dá a sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé ìwé jáde pé ìgbà báyìí lòjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà báyìí ló máa dáwọ́ dúró, ọ̀dá lè wà láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń sọ ti ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ lórí rédíò. Àwọn kan nínú wa ní awo ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe awo. Bí ìwọ náà ṣe mọ̀ pé tí mọ́tò oníṣu bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà, owó iṣu máa wálẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wo afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu. Wọ́n lè ṣì í díẹ̀. Àwa náà ń ṣi owó iṣu.

Ó dáa. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin ni ooru tiwa máa ń le jù. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó bá máa fi di nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, oòrùn á dúró gangan lórí Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án, tí òjìji èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àpáta tó yí wa ká yìí náà á mu oòrùn yó, wọ́n á sì máa tú u jáde lóru, ìdí nìyẹn tí ilé kì í fi í tutù títí di àárọ̀.

Ooru tó ní omi nínú ló burú jù. Atẹ́gùn tó ń ti ọ̀nà òkun wá ń gbé omi bọ̀, òógùn wa ò wá ráyè gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òógùn ṣe ń gbẹ lara fi ń tutù. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles lọ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n fi àmì ayò 2 sí 1 lù wá. (Mi ò fẹ́ rántí ìyẹn púpọ̀.) Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ooru bo gbogbo ilẹ̀ etíkun láti ibẹ̀ dé Nàìjíríà. Ẹ̀rọ lè sọ pé dígírì 36 ni, kí ara èèyàn máa gbọ́ ọ bí 50. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, wọ́n ní èéfín tí aráyé ń dá sójú ọ̀run ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní ìlọ́po 10 ju ti àtijọ́ lọ. Ọdún 2024 yẹn náà ló gbóná jù lágbàáyé látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "bó ṣe ń mú láyé ìyá mi náà nìyí," kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí la máa ṣe? Ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í mu omi lọ́jà nítorí ilé ìtọ̀ tó jìnnà. Ìgbìmọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ yẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ikú dúró dè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọnmọ, ẹ má fi aṣọ nípọn bo ọmọ lórí. Aboyún àti ìyá àgbà, láti aago méjìlá sí mẹ́rin, ẹ kúrò lábẹ́ páànù tí kò ní àjà. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, kí ẹlòmíì wá ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Tí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu o.

Ti ọjà: tìmáàtì àti ata, ẹ rà á díẹ̀díẹ̀, kó wọlé lóru. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ má yan án tà. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í pa á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yá àgbẹ̀ lówó, òjò àkọ́rọ̀ kọ́ lòjò. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàdo á kú sílẹ̀, owó yín á kú tẹ̀lé e.

Mo wá kan ìjì. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, láti ọ̀nà ilẹ̀ Ẹdó àti Kogí, lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́, tí ọjà kún dáadáa. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́, eruku á dìde, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹẹ́ta kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan. Bí ẹ ò bá kà dé 30 kí àrá tó sán, ó ti dé ìtòsí, ẹ wọlé. Kì í ṣe abẹ́ igi, kì í ṣe abẹ́ agboòrùn onírin, kì í ṣe abẹ́ búkà olópòó mẹ́rin. Ilé tó ní ògiri, tàbí inú mọ́tò tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ má jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn.

Ẹni tí àrá bá bà, mo mọ ohun tí àwọn bàbá wa máa ń ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, mi ò sì ní bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iná kì í kù lára rẹ̀. Ẹ lè fọwọ́ kàn án. Bí kò bá mí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ láyà kíákíá, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣì lè yè bí wọ́n bá tètè rí ìrànlọ́wọ́.

Gọ́tà ńkọ́? Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn léèrè ohun tí Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2011. Èèyàn tó lé ní 100 ló bá ti ọdún 2011 nìkan lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sójú omi wà lára ohun tó fà á. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí à ń jù sí gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa, ibi tó ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ ká sá bí òjò bá ṣú. Kí ló dé tí àwọn kan kì í sá? Torí ọjà wọn ni. Obìnrin tó gba ẹrù àwìn, tí àjọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la, kò lè fi apẹ̀rẹ̀ ata sílẹ̀ fún olè. Á dì í mú, á sì dúró sábẹ́ agboòrùn. Àwọn tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn, wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù, ṣe la máa ń fa ilẹ̀kùn pa kí òjò má bàa fẹ́ wọlé. Níbi ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan dìde, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹni tó ń ta irú ọjà òun níwájú òun wá sá sínú ṣọ́ọ̀bù òun. Mi ò dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo bi í pé bí àrá bá pa onítọ̀hún níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, ta ni yóò wá rajà níbẹ̀?

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí rèé. Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, agogo á wà ní ìsọ̀ Ìyálọ́jà. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ á fi tapólì bo ọjà rẹ̀, á wọ ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn jù, onílé ò gbọdọ̀ tì í síta. Àwọn ọlọ́dẹ méjì máa dúró sí inú ṣọ́ọ̀bù igun méjèèjì, níbi tí wọ́n á ti máa wo ọjà. Ẹni tí wọ́n bá bá nídìí ọjà ẹlẹ́ja ní ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. A máa kó gọ́tà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ní aago méje àárọ̀, kí àwọn tó ń lọ Jímọ̀ lè tètè ṣetán. Kí kálukú mú ṣọ́bìrì tàbí ọkọ́ dání. Àwọn káfíńtà tó máa kan páànù tó ti ń mì náà á wà níbẹ̀, owó ìṣó nìkan lẹ máa san.