Ká Bá Ẹni Tó Ń Rọbí Gbé E

Ìrora ìrọbí kò ṣe é bá èèyàn pín, àmọ́ a lè mú un fúyẹ́. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aláboyún ní ẹni tó fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì máa rìn. Ẹ bá a wọ́ ìbàdí, ẹ fi aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, kó máa mí díẹ̀díẹ̀. Àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ọmọ yá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un: ilé ọmọ lè ya! Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ọsibítù kíá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tètè máa ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú àjẹmọ́nú wa. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.