Owó Tó Wà Nílé Lórúkọ Ọmọ Tó Wà Lókè Òkun

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú owó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ́ mi ní ìyẹn, n kò lè máa kọ́ yín. Apá kan tí a kì í sọ níbi ìpàdé ni mo fẹ́ mú: owó àti ilé tó wà níbí lórúkọ àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ara mi ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2016, mo ṣí àkáǹtì kan pẹ̀lú ọmọbìnrin mi nígbà tó wá kí wa. Nọ́ọ̀sì ni ní Texas, ó sì ti gba green card. Èmi lè sáìn, òun náà lè sáìn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí ọmọ mi má máa sáré lọ sí kóòtù nítorí owó ìyá rẹ̀. Inú àkáǹtì yẹn ni mò ń kó èrè aṣọ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ayálégbé ilé tó kọ́ síbí ń san owó ilé sí. Kò pẹ́ tó fi lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ló pè mí lóru. Ẹni tó ń bá a ṣe ìwé owó orí ló bi í bóyá ó ní àkáǹtì ní ìlú mìíràn. Ìbéèrè yẹn wà nínú ìwé owó orí wọn, kò sì kà á sí rí. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ni owó, àmọ́ èmi náà lè sáìn sí i. Wọ́n ní ó yẹ kí n ti sọ.” Ẹ má bínú, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, “Ṣé Amẹ́ríkà ló bá mi ta aṣọ ni?” Mo pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Àìmọ̀ ló ń bá mi jà. Ẹ gbọ́ bí òfin wọn ṣe rí. Ẹni tó bá ní green card, tàbí tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ sọ gbogbo owó tó ń wọlé fún un níbikíbi láyé fún IRS, àwọn agbowó-orí wọn. Owó ilé tó wọlé níbí wà níbẹ̀, èlé báńkì náà wà níbẹ̀. Owó orí tó bá ti san níbí lórí owó kan náà, wọ́n lè yọ ọ́ nínú tọ̀hún, bó bá ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ má sọ rìsíìtì nù o.

Ìwé kejì ni wọ́n ń pè ní FBAR. Inú òfin tí wọ́n ṣe ní 1970 ló ti jáde. Bí owó inú gbogbo àkáǹtì tó ní, tàbí tó lè sáìn sí, ní ilẹ̀ òkèèrè bá ju 10,000 dọ́là lọ lápapọ̀, kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Àkáǹtì mẹ́ta tí 4,000 dọ́là wà nínú ìkọ̀ọ̀kan ti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni gbèdéke, àmọ́ wọ́n fún wọn láyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. A kì í san kọ́bọ̀ lórí ìwé náà. Kí a ṣáà sọ ni.

Òfin mìíràn tún wà láti 2010. Ó ní kí àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè máa ròyìn àkáǹtì àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń bi wá, bí a bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, bóyá a jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ má sọ pé wọn kò lè mọ̀.

Ilé àti ilẹ̀ ńkọ́? Ilé tó wà lórúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ kì í wọ FBAR. Owó tí ilé náà ń mú wá, àti èrè orí rẹ̀ bí a bá tà á, ni wọ́n ń béèrè.

Ọkùnrin kan wà, Alexandru Bittner, Ròmáníà ni wọ́n ti bí i. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1982, ó di ọmọ ìlú, ó sì padà sílé ní 1990. Kò mọ̀ pé òun ṣì gbọ́dọ̀ máa kọ FBAR. Nítorí ọdún márùn-ún, 2007 sí 2011, ìjọba ka àkáǹtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là fún un. Ní 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kà, kì í ṣe àkáǹtì. Ó wá di 50,000 dọ́là. Ẹ rí i pé ó dín kù, àmọ́ àìmọ̀ kò gbà á sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀nà wà fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí wọ́n tó pè é. Ọ̀nà yẹn lọmọ mi gbà. Ó tún àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá ṣe, ó kọ FBAR tó jẹ, ó san owó orí tó kù, ó sì san ìtanràn ìdá 5 nínú 100 owó àkáǹtì náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ní báńkì kí n tó gba sítétímẹ́ǹtì tó fẹ́. Ìtanràn yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Kò sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Èmi tí mo wà lọ́jà gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ mi. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Òfin ibẹ̀ yí padà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ní àǹfààní ọdún mẹ́rin, bó bá béèrè fún un bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tó ń wọlé fún un nílé kan ìjọba ibẹ̀, kódà bí kò kó o dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí la máa ṣe? Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ̀ nípa owó yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi next of kin. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó ń sáìn. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú àkáǹtì, ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí owó ilé rẹ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀, kó má dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Bí ẹ bá ń dá owó sínú ẹgbẹ́ yìí lórúkọ ọmọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó lè bi ẹni tó ń bá a ṣe owó orí. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ni kó bi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ọmọ bá pè yín lóru lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Mo máa ń wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọjà. Ẹ kó ìwé báńkì yín wá, ká jọ wo orúkọ tó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ọmọ wa kò ní ti ipasẹ̀ wa ṣubú.