Ọpọ́n Láti Inú Igi Tó Ti Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Jẹrà

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ lè fi ojú ara yín kà á wàyí. Ẹ má kánjú. Ibi tó bá le, ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ igi máńgòrò tó wó la fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ìjì a máa wó igi lẹ́bàá ilé. A ó gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀, a ó fi wọ́n dáná. Ṣùgbọ́n ìtì igi náà tóbi, ó ṣòro láti là, a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e. Kò ní pẹ́ tí olú yóò fi hù lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò wí pé, "Igi yìí ti bàjẹ́." Wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ikán.

Ẹ dúró ná. Kì í ṣe gbogbo igi tí olú hù lára rẹ̀ ló ti bàjẹ́ tán. Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó gé, ẹ lè rí ọpọ́n mélòó kan gbẹ́ nínú rẹ̀, ọpọ́n tí ara rẹ̀ lẹ́wà ju ti igi tó yè lọ. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn ṣe wàhálà lásán ni, tàbí kí ẹ ta ohun tí kò dára fún ẹlòmíràn.

Kí ló ń jẹ igi náà? Olú ni. Èyí tí a ń rí lára igi, tó rí bí etí tàbí bí agboòrùn, bí èso lásán ló rí. Ara olú gan-an wà nínú igi. Ó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, ó sì ń rìn káàkiri níbẹ̀. Igi ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́ láìsí omi. Ẹ wo òpó ọgbà yín: ibi tó kan ilẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin wà, níbẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí igi gbígbẹ bá wọn kílò 5, tí omi inú rẹ̀ kò sì tó kílò 1, olú kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ẹ gé ìtì igi náà, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ ó rí i pé ó funfun níbì kan, ó pọ́n níbòmíràn. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ́ káàkiri bí ẹni fi tíróò fà á. Olú ló fa ìlà náà. Bí olú kan bá pàdé olú mìíràn nínú igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa sàmì sí ibi tí tirẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ méjì ti ń pa ààlà oko. Ìlà yìí ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó lè kùn ún kó rí bẹ́ẹ̀.

Wàyí, ẹ mú ọ̀bẹ, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ gún igi náà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbà tí a gún iṣu sísè, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, tó kàn fi àpá díẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ṣì dára. Ẹ tún fi ẹ̀yìn àdá lù ú. Ibi tó yè yóò dún ketekete. Ibi tó ti bàjẹ́ yóò dún bí ẹni lu àpò ìyẹ̀fun. Bí igi bá ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tó ń là ní igun igun, tí ẹ lè fi ọwọ́ rún un, ẹ má wulẹ̀ gbé e wálé. Irú ìjẹrà yẹn burú ju ti èyí tó ń funfun lọ. Kí ojú tó rí i rárá ni agbára igi náà ti ń lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi igi tó ti ń jẹrà ṣe ẹ̀rúkọ́ tàbí ẹ̀rú àáké, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí ó bá kán níbi tí ènìyàn ti ń fi ṣiṣẹ́, irin lè fò bá ọmọ tó dúró nítòsí.

Ẹ la ìtì náà sí méjì láti orí dé ìdí, kí ẹ sì gé àárín gbùngbùn rẹ̀ kúrò, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń sán. Ẹ jẹ́ kí ìdí ọpọ́n àti etí rẹ̀ bọ́ sí ibi tó le. Ibi tó rọ̀ díẹ̀ lè wà ní ẹ̀gbẹ́.

Àwọn tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu mọ̀ pé igi tútù rọrùn láti gbẹ́ ju gbígbẹ lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ ní tútù, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ẹ tán. Bí ọpọ́n náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ dúró bí ti ọkọ́ ni ẹ ó lò, kí ẹ sì pọ́n ọn títí yóò fi mú ṣáṣá. Bí irin kò bá mú, kò ní gé igi tó rọ̀. Yóò kàn máa fà á ya ni. Ẹ máa gé díẹ̀díẹ̀, láti etí lọ sí ìsàlẹ̀ inú ọpọ́n. Bí ẹ bá rí i pé igi ń ya, ẹ yí ọwọ́ padà, kí ẹ gé e láti apá kejì.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ẹ̀rọ tó ń yí igi, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọpọ́n. Ìṣọ́ra wọn gbọ́dọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ibi tí ẹ̀rọ ti di igi mú gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó yè. Kí ẹ̀rọ má sáré jù. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má sì dúró ní ọ̀kánkán igi náà, nítorí ó lè fọ́ kó sì fò jáde.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ gan-an kù sí. Bí a bá sá ọpọ́n náà sí oòrùn, tàbí tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, yóò sán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e sínú ilé, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀. Ẹ lè fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì wé e ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Igi tó yè lè pẹ́ nínú bébà. Èyí tí olú wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì tutù, olú ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ìwé tí ẹ kọ́ yóò wúlò níbí. Ẹ gbé ọpọ́n náà sórí ìwọ̀n àwọn oníṣòwò. Ẹ fi èédú kọ ọjọ́ àti kílò sí ìdí rẹ̀. Ká ní ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 4, oṣù 11: kílò 3.
Ọjọ́ 18, oṣù 11: kílò 2 àti gíráàmù 600.
Ọjọ́ 2, oṣù 12: kílò 2 àti gíráàmù 300.

Omi ló ń lọ yẹn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé kò dín mọ́, ó ti gbẹ. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ lásán gbé e wò, wọn a ní ó ti fúyẹ́. Èmi kò gbà pé ọwọ́ tó ìwọ̀n.

Nígbà náà ni kí ẹ wá gbẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ibì kan bá ṣì rọ̀ jù, ẹ fi fánííṣì tó ṣàn bí omi rin ín, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún fi irin kàn án. Ẹ fi ewé eèpín dán an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dán ohunkóhun, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì jókòó síta níbi tí atẹ́gùn wà. Eruku igi tó ti jẹrà kò dára fún àyà: igi wà nínú rẹ̀, ohun tíntìntín tí olú fi ń gbilẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀. Oje máńgòrò tútù pàápàá a máa mú kí ara àwọn mìíràn yún.

Kí la lè kó sínú ọpọ́n náà? Àtaare tó wà nínú èèpo rẹ̀, òwú, bọ́tìnì, owó ọjà. Ẹ má bu ọbẹ̀ sí i. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ má fi í po gaàrí. Olú tó wà nínú igi gbígbẹ lè má tíì kú. Ó lè jẹ́ pé ó sùn ni. Bí omi bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò jí. Fánííṣì tí ẹ fi rin ín náà kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi oje ìkunbàtà dúdú pa ibi tó rọ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń ta á bí àwo ọbẹ̀. Ẹni tó rà á kò ní padà wá. Ẹ̀yin, ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sí ìdí ọpọ́n yín: FÚN OHUN GBÍGBẸ NÌKAN. Bí ẹni tó fẹ́ rà á kò bá mọ̀wé, ẹ kà á sí i létí kí ẹ tó gba owó.

Ó tó báyìí fún tòní.