Orúkọ Ajá Tuntun

Àwọn ọmọ wa ní Discovery Gardens ń wá orúkọ Írẹ́lándì fún ajá tuntun. Kò burú, àwọn baba wa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò lè gbọ́ tirẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ má mú Patrick, kí ará Írẹ́lándì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má baà rò pé òun lẹ ń bú. Bran ló wù mí, ajá Fionn mac Cumhaill nínú ìtàn wọn. Ẹyẹ ìwò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kúrú, ó dùn ún pè.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀: ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Dubai Municipality. Bí dìgbòlugi bá ti yọjú lára ènìyàn, ìwòsàn ṣọ̀wọ́n.