Gáàsì Abẹ́ Ilẹ̀ Kì í Ṣe Ìkòkò Kan

Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga jìn ní Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ mọ̀ pé amọ̀ a máa wà láàárín iyanrìn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Omi wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ẹnu Odò Ọya rí, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Inú iyanrìn ni ó wà, amọ̀ líle sì dé e lórí. Níbi tí ilẹ̀ ti sán tí apá kan rì, amọ̀ lè dojú kọ iyanrìn, kí ó sé gáàsì mọ́ bí ògiri yàrá. Nítorí náà kànga kan lè gbẹ, kí yàrá kejì kún síbẹ̀. Ẹni tí ó fi kànga kan ṣírò gbogbo ọrọ̀ náà yóò ṣì í. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, kí a lè fi ojú ara wa ka ọrọ̀ wa.